Ọwọ́ Mo-ti-mọ̀ ní Oríta

Dúró ná. Ìwọ tí o ń sáré kàwé bí ẹni tí ajá ń lé, fi ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, kí o gbọ́ ohun tí ẹnu fi ojú ọkùnrin kan rí lórí kẹ̀kẹ́.

Atún-aago-ṣe ni. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo ìjọ ń pè é. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀. Bí òjò náà kò bá wá rọ̀ mọ́, ìyẹn náà, òun ti mọ̀. Ọkàn rere ni Olúwa fún un. Ẹnu ni Ó wá fi ṣe ènì.

Àwọn mọ́kànlá láti inú ìjọ ló gun kẹ̀kẹ́ jáde fún ọjọ́ márùn-ún, láti wo afárá òkúta àti ilé àtijọ́ káàkiri ìgbèríko. Ìyá agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣíwájú wọn. Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ní orúnkún ń dun òun, ẹlòmíràn ni yóò ṣíwájú lọ́la wọ ìlú tí ìjọ yóò ti máa fi orin dúró dè wọ́n. Ó ní tó bá di alẹ́, òun á sọ ẹni náà.

Mo-ti-mọ̀ gbàgbé búrẹ́dì sẹ́nu. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe òun?

Kí ìyá agbẹ̀bí lè máa rí i, ó lẹ̀ mọ́ taya ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin ìrìn náà ni pé ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá tẹ̀ lé aṣíwájú ni yóò dúró, tí yóò máa nawọ́ sí ọ̀nà tó tọ́ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kọjá. Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kẹ́yìn, òun ló gbé pọ́ǹpù. Bí wọ́n ṣe dé oríta, ìdúró kan ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀tún ni," ìyá agbẹ̀bí wí. "Nawọ́ síbẹ̀, má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Mọ́mì, ṣé èmi náà lẹ ń kọ́ lọ́tùn-ún lósì? Mo ti mọ̀."

Àgbà kì í wà ní oríta kí taya ọmọlọ́mọ wọ́. Ó nawọ́ sọ́tùn-ún, ọwọ́ náà le bí òpó. Àfi bí oníbúrẹ́dì kan nínú wọn ṣe kọ́kọ́ dé, tó sọ̀ kalẹ̀ mu omi, tó sì bi í pé ògiri wíwó wo ló wà lórí òkè lápá òsì yẹn.

Ẹni tó bi Mo-ti-mọ̀ ní ìbéèrè ti da ẹja sódò. Ọwọ́ yí sósì. Ó ní ọba mẹ́ta ló mọ ògiri náà, pé ogun dó tì í fún ọdún méje, pé olorì da òróró gbígbóná lu àwọn ọ̀tá lórí. Nígbà tó kan òróró, ó di ojú bí oníwàásù, ọwọ́ ṣì nà gbọọrọ. Ó ń gbọ́ tí àwọn tó ń kọjá ń wí pé "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá," ó sì kà á sí àmín.

Nígbà tó lajú, oníbúrẹ́dì ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá ilé wa, ọ̀nà wo là ń gbà?"

"Ọ̀tún ni."

"Kí ló dé tí taya kan ṣoṣo gba ọ̀tún, tí mẹ́jọ gba òsì?"

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn baba ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan yẹn, àfọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wọ̀. Ibẹ̀ ni tọkọtaya náà ti bá àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé orí. Àgbẹ̀ tó ni ín sọ fún wọn pé bàbá òun ló mọ ògiri òkè yẹn nítorí ẹlẹ́dẹ̀.

"Mo wá gbà yín ni," Mo-ti-mọ̀ wí. Kó tó parí rẹ̀, ó ti rì dé orúnkún. Síbẹ̀ wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un. Kò ní kí wọ́n má ṣe é.

Wákàtí mẹ́ta ni ìyá agbẹ̀bí fi dá jókòó nílé àlejò, níwájú àwo mọ́kànlá, tó ń rò pé ọkọ̀ ti kọlù wọ́n. Nídìí oúnjẹ alẹ́, oníbúrẹ́dì ní ìdarí ọjọ́ náà kò dára, pé ẹni tó wá àwọn rí ni kó ṣíwájú lọ́la. Gbogbo wọn gbà. Ohun tí Mo-ti-mọ̀ ń fẹ́ ti wà lórí tábìlì, ó kù kó bù ú jẹ.

Ìyá agbẹ̀bí rọra ní bóyá òun ló ṣi ọ̀nà, ogbó ti dé, kí wọ́n má bínú.

Mo-ti-mọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ń gé búrẹ́dì wẹ́wẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti àwo oúnjẹ síwájú.

"Mọ́mì, ẹ ò ṣìnà. Ọwọ́ mi ni wọ́n tẹ̀ lé. Mo nà án sósì, mo sì dijú."

"Nígbà ìtàn olorì yẹn?" oníbúrẹ́dì bi í.

"Nígbà ìtàn olorì yẹn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi tutù. Ìyá agbẹ̀bí nu ojú rẹ̀, ó ní ìyàwó Mo-ti-mọ̀ ni yóò ṣíwájú lọ́la. "Ìwọ, gba pọ́ǹpù, kí o máa kẹ́yìn. Bí o bá nawọ́ níbẹ̀, ẹyẹ nìkan ni yóò ṣìnà."

Má bi mí bí mo ṣe mọ inú ọkùnrin náà tó báyìí. Bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ará, mo bẹ̀ ọ́: bí ẹnikẹ́ni bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ, nílé tàbí nínú ìjọ, pa ẹnu mọ́ díẹ̀, lajú, kí o wo ibi tí ó nà sí. Bí kì í bá ṣe ọ̀nà, yí i padà lónìí.