Ta Ló Pa Òfin Saifudeen?

Alhaja Ràmọ́tà ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ fọ nọ́ńbà iwájú Máíkírà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn l'Ọ́jà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ọmọ rẹ̀, Onọ́rébù Saifudeen, ti Ìbàdàn dé. Nọ́ńbà àyájọ́ àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Saifudeen fúnra rẹ̀ ló gbé òfin tó mú un jáde lọ sílé aṣòfin, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Nọ́ńbà.

SAIFUDEEN: Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ti pa òfin mi rẹ́.

ALHAJA: Wọ́n pa á? Ta ló pa á?

SAIFUDEEN: Ilé ni.

Kàn-ìn-kàn-ìn jábọ́ lọ́wọ́ Alhaja.

ALHAJA: Mo mọ̀! Àwọn ará ilé yìí ò fẹ́ ká gbádùn! Ìyàwó Gàfárù ẹ̀gbọ́n rẹ ni, àbí?

SAIFUDEEN: Rárá o! Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni mò ń wí. Àyájọ́ ti kọjá, wọ́n ní ká padà sí nọ́ńbà tàtẹ̀yìnwá.

ALHAJA: Lójijì báyìí?

SAIFUDEEN: Kì í ṣe lójijì. Wọ́n ka àbá pé kí wọ́n pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

ALHAJA: Pẹ̀lú gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ka ìwé kan kó tó yé yín?

SAIFUDEEN: Bí wọ́n ṣe ń ṣòfin nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa yọ nọ́ńbà yẹn, Màámi. Wọ́n á ṣe ìlú Ọ̀yọ́ tán kó tó kan Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ní dùn yín.

ALHAJA: Díẹ̀díẹ̀ náà leyín mi ṣe yọ. Gbogbo ẹ̀ ló dùn mí.

Alhaja fìdí lé korobá tó dojú dé.

ALHAJA: Àwọn wo ló sọ pé rárá?

SAIFUDEEN: Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo wa la ní "bẹ́ẹ̀ ni."

ALHAJA: Gbogbo yín? Ìwọ náà?

Saifudeen bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà ṣe.

SAIFUDEEN: Ṣẹ́ ẹ rí i, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí mi. Mo ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" lójú oorun, mo rò pé wọ́n ń pe orúkọ wa ni. Èmi náà bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni."

ALHAJA: Subhanallahi! O bí òfin, o wá sùn lé e títí ó fi kú!

SAIFUDEEN: Ẹ rọra, Màámi! Ìdìbò ń bọ̀. Táwọn ọlọ́kọ̀ Under G níbí tí mo bẹ̀ kí wọ́n gba nọ́ńbà yẹn bá gbọ́, mo gbé!

Alhaja dìde, ó wọlé, ó mú ọ̀bẹ jáde. Saifudeen fò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iwájú mọ́tò ni ìyá rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ tú nọ́ńbà náà.

SAIFUDEEN: Kò tíì kàn wá!

ALHAJA: Ọlọ́pàá kọ́ ló máa yọ nọ́ńbà lára mọ́tò ìyá onọ́rébù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún jókòó, mò ń bọ̀ n'Íbàdàn. Ibi táwọn èèyàn ti ń wòran yín ni màá wà. Bójú rẹ bá ti ń pa dé báyìí, màá fi oríkì rẹ figbe ta: "Àjàní, ọkọ mi!"

SAIFUDEEN: Màámi, wọn kì í gba ariwo láyè nínú Ilé.

ALHAJA: Oorun ni wọ́n gbà láyè?