Áyálándì Kọ́ Ni Áísílándì

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Lilburn, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Fìyìnfólúwa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Atlanta, ló ni ín. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ló ń tà níbẹ̀, kò sì sí ìlú tẹ́ ẹ máa dárúkọ tí kò mọ̀ bí ẹni mowó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fóònù ló ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé ohùn ọ̀rọ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni màmá kan tó ń jẹ́ Oyèrónkẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Opó ni, ọ̀dọ̀ John ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ládùúgbò náà. Tèmi, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wà ní Áyálándì, oyún inú rẹ̀ sì ti ga. John ti ń sọ pé "next week, Mummy" lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yìí títí ó fi sú ìyá. Ó wé gèlè, ó gbé báàgì, ó fẹsẹ̀ rìn wá.

"Ẹ káàsán, Mummy. Ẹ jókòó. Ibo la fẹ́ gbé yín lọ?" Fìyìn yọ ike kékeré tó fi ń gbọ́ orin kúrò ní etí kan. Èyí tó wà ní etí kejì ń kọrin lọ.

"Áyálándì ni, ọmọ dáadáa."

"Áísílándì! Mummy, ẹ mọ nǹkan tó dáa! Gbogbo àwọn tó ń wá síbí, Cancun, Cancun ṣáá ni. Ẹ̀yin ní Áísílándì!"

Màmá gbọ́ "sí" kan láàárín ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó rò pé báwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ń pè é nìyẹn.

"O mọ ibẹ̀?"

"Bí ẹni mowó. Erékùṣù ni, òkun ló yí i ká."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi."

"Ó tutù."

"Wọ́n sọ ìyẹn náà."

"Ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

"Ọmọ mi ni."

"Omi! Ẹ mọ̀ ọ́n yàn." Orin ń dún létí rẹ̀. "Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, láti orí àpáta ló ti ń já bọ́. Tẹ́ ẹ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ máa gbọ́ ariwo ẹ̀."

Màmá dìde díẹ̀ lórí àga. "Ta ló ń já bọ́ láti orí àpáta?"

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò yẹn."

"Pẹ̀lú oyún nínú?"

"Pẹ̀lú kí ni? Mummy, ó ti ń já bọ́ ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn èèyàn máa ń tò síwájú ẹ̀ láti ya fọ́tò."

"Wọ́n tò, wọ́n ń ya fọ́tò! Kò sẹ́ni tó mú un?"

"Wọ́n ń mu ún dáadáa. Ó mọ́ gan-an, wọn kì í tiẹ̀ sè é."

Màmá gbá tábìlì. "Kí ni wọn kì í sè?"

"Omi!"

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ omi? Ọmọ mi! Tèmi! Ọmọ tí mo fi inú mi bí!"

"Oh, ẹ ní ọmọ níbẹ̀." Ojú ò tì í. "Kò burú. Ẹ máa rí omi, ẹ máa rí ọmọ."

Màmá jókòó padà, ó fi etí gèlè nu iwájú orí.

"Tí mo bá sọ̀ nínú bàálù," ó ní, "báwo ni màá ṣe dé ilé ẹ̀?"

"Ìyẹn ò le rárá. Wọ́n máa fún yín ní ọkọ."

"Wọ́n máa fún mi ní kí ni?"

"Ọkọ. Ó ti wà nínú package. Bẹ́ ẹ ṣe ń jáde báyìí, á ti dúró dè yín níta."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ níbi tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà. "Fìyìn. Láti ìgbà tí bàbá John ti lọ, mi ò sọ fẹ́nì kankan pé mò ń wá ọkọ."

"Ẹ ò lè máa fẹsẹ̀ rìn, Mummy. Gbogbo àlejò ló ń gba ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ dá a padà."

"Kí n lò ó tán, kí n dá a padà!"

"Kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ́ kí nǹkan kan ha á lára. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé e padà."

"Olúwa, gbà mí o."

"Ẹ lè gba kékeré o, àmọ́ èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Òkè pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ kékeré, tó bá gun òkè méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle."

Màmá bojú wẹ̀yìn wò bóyá ará ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ká kàn sọ pé èèyàn ń béèrè lásán. Ṣé wọ́n ní èyí tó ti dàgbà díẹ̀? Tó fara balẹ̀?"

"Rárá, wọn kì í fúnni ní àgbà. Tuntun ni gbogbo ẹ̀. Àwọn kan ń mu epo, àwọn kan iná mànàmáná ni."

"Iná mànà..." Màmá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Mọ́tò! Mọ́tò lò ń wí láti ọjọ́ yìí! Ọkọ̀! Wọ ohùn yẹn wálẹ̀, ọmọ yìí! Ọkọ̀!"

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ọkọ."

Màmá fẹ̀yìn ti àga. Ó yà á lẹ́nu pé ọkọ tó di mọ́tò yẹn fẹ́ẹ̀ dùn ún díẹ̀.

Fìyìn ti ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. "Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ?"

"Oṣù kẹfà. Ìgbà yẹn ló máa bímọ."

"June! Ẹ gbádùn. Ní June, oorun kì í lọ níbẹ̀. Tọ̀sántòru ló wà."

"Wọ́n ń sùn tọ̀sántòru?"

"Wọn kì í sùn rárá! Ta ló máa sùn nígbà tí oorun wà níta? Wọ́n á jókòó sétí òkun, wọ́n á máa wò ó."

Màmá rò ó wò. Ó ti ṣiṣẹ́ òru rí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Jonesboro, ó sì mọ bí oorun ṣe ń wà níta téèyàn ò ní rí i sùn. "Ìyẹn yé mi," ó ní. "Ojú èmi náà ti rí i."

"Ẹ wá lọ wẹ̀ nínú omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀. Kó má jẹ́ irọ́, oorun wà níbẹ̀ o. Ẹ máa kọ́kọ́ rò pé ẹyin ló bàjẹ́."

"Oorun ló dà bí ẹyin tó bàjẹ́?"

"Ẹ ò rí i? Imú yín máa tó mọ́ ọn."

"Imú... Òórùn!"

"Òun gan-an!"

"Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́? Èyí tí kì í lọ?"

Fìyìn nàka sí òkè àjà.

"Oòrùn," ni Màmá wí. Ó mí kanlẹ̀. "Oorun, oòrùn, òórùn. Gbogbo ẹ̀ lo dà sínú ìkòkò kan, o ro ó pọ̀."

"Mummy, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn jù. Iná tó ń jó lójú ọrun."

Màmá fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. "Ọrùn ta ló ń jóná?"

"Lókè, Mummy, níbi tí àwọn áńgẹ́lì wà! Ó máa ń ṣe aláwọ̀ ewé, ó máa ń ṣe aláwọ̀ àlùkò, á máa jó lọ, á máa jó bọ̀. Àfi lálẹ́ tí ilẹ̀ bá ṣú biribiri. Òun náà wà nínú package."

"Ní oṣù kẹfà kan náà?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Tí oòrùn ò bá wọ̀ tọ̀sántòru," ni Màmá wí jẹ́jẹ́, "alẹ́ wo ni iná náà ti ń jó?"

Fìyìn wo àwòrán Áísílándì kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí iná náà ń jó nínú rẹ̀, bí ẹni pé àwòrán ló yẹ kó dáhùn. Ó yọ ike tó kù ní etí rẹ̀.

"Wọ́n... wọ́n máa ń ṣètò ẹ̀, Mummy."

"Ìwọ náà ti débẹ̀ rí?"

"Ojú mi ti débẹ̀ dáadáa."

"Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń bọ̀."

Ó yára dojú kọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ Màmá ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ìrìn àjò ti wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ sì ti wà lórí bọ́tìnnì tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

"Kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kọ́kọ́ bá mi wo bí Galway ṣe jìnnà tó síbi tí bàálù máa sọ̀ sí. Galway ni Tèmi ń gbé."

"Galway." Kò gbọ́ orúkọ náà rí ní Áísílándì tó ń wí, àmọ́ Fìyìn kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ pé òun ò mọ̀. "Galway, bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú dáadáa ni. Ẹ̀yìn òkè tó ń tu iná ló wà."

"Òkè tó ń kí ni?"

"Tó ń tu iná. Ẹ má bẹ̀rù, ó máa ń sinmi."

"Tèmi ò sọ fún mi!"

"Wọn ò ní fẹ́ dẹ́rù bà yín ni." Ó tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó tún un tẹ̀. Ó sún ojú mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà náà. "Mummy, ó ní kò sí Galway ní Áísílándì. Bóyá wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà."

"Láàárín àná sí òní? Àná la sọ̀rọ̀!"

"Tèmi fúnra wọn, kí ni wọ́n ń pe ìlú náà?"

"Áyálándì! Ìlú àwọn Fadá funfun tó kọ́ wa níwèé! Áyálándì!"

"Èyí tí òyìnbó ń fi R kọ?"

"R ni! "Sí" kankan ò sí níbẹ̀. Ìwọ lo mú "sí" wá látilé!"

Fìyìn rọra gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì náà, bí ẹni tó tẹsẹ̀ bọ ilé onílé. Ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

"Màá ti sọ̀ sórí yìnyín," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Pẹ̀lú ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Màá máa bi òkè oníná léèrè ọmọ mi, ọmọ mi á sì máa rọbí níbòmíràn."

"Ẹ má bínú, Mummy." Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò dún bí ẹni tó ń ta ọjà. "Ẹ má bínú. Tèmi mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

"Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu."

"Ó ní kẹ́ ẹ má wá? Kí lẹ wá ń lọ ṣe?"

"Ẹnu ló fi sọ ọ́. 'Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu o, Mummy.' 'O' yẹn gùn. Ó gùn títí ó fẹ́ẹ̀ di ẹkún, ló bá ní ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ó pa fóònù. Ìwọ ò lè gbọ́ irú ẹ̀, ọmọ mi. Ohùn kan náà lo ní fún gbogbo nǹkan."

Fìyìn nu gbogbo ohun tó ti tẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó pe lẹ́tà ìlú náà sókè níkọ̀ọ̀kan, Màmá ń mi orí sí i.

"Dublin lẹ máa sọ̀ sí. Bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín dé Galway. Ẹ tún lè ní kí Tèmi wá pàdé yín."

"Pẹ̀lú ikùn yẹn? Bọ́ọ̀sì ni."

"Mummy, nítorí Ọlọ́run, etí òkun kan wà nítòsí ibẹ̀, àpáta ẹ̀ ga débi pé..."

"Fìyìn."

"Mo ti dákẹ́."

Màmá fún un ní káàdì, ó sanwó, ẹ̀rọ sì tẹ ìwé jáde. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka tọ R yẹn lára, ó ká ìwé náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ báàgì. Ara rẹ̀ wá balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi wojú ọmọkùnrin náà dáadáa.

"Ta ni ìyá ẹ ná?"

"Bridget Ọlágúnjú ni orúkọ wọn."

"Ibo ni wọ́n ń gbé?"

"Conyers."

"Ìtòsí ibí! Nígbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Easter."

"Easter èwo?"

Fìyìn wo àwọn àwòrán ara ògiri: Maldives, Jamaica, Áísílándì. Kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀.

"Mummy, ẹ mọ bí ọ̀nà I-20 ṣe máa ń rí, mọ́tò ò ní sún. Àti pé, kí n sòótọ́, kò sí nǹkan kan ní Conyers téèyàn fẹ́ lọ wò. Wíà-háòsì tí wọ́n ń kó ọjà sí ni gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ilé olówó pọ́ọ́kú."

Màmá gbé báàgì kọ́ èjìká, ó tún gèlè ṣe, ó sì di ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá ẹ wá ń gbé inú èwo nínú méjèèjì?"