Torkel àti Eré Igun Mẹ́rin

Bí ìyìn bá jẹ́ oúnjẹ, Torkel Vassberg ì bá ti sanra kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Torkel a-rí-dígí-rẹ́rìn-ín, a-gbọ́-orúkọ-ara-rẹ̀-fi-sùn, a-wọlé-kí-ìlẹ̀kùn-ó-tẹríba. Òun ni alága ẹgbẹ́ ilé-ooru wa ní Åkersvik, ilé pákó kékeré létí adágún, níbi tí a ti ń jókòó sínú ooru òkúta gbígbóná títí òógùn yóò fi bò wá, kí a tó sáré bẹ́ sínú omi tútù. Ẹgbẹ́ náà kò ju ìwọ̀nba ẹbí díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí Torkel bá ń dárúkọ oyè rẹ̀, ẹ ó rò pé òkun àti ọ̀sà ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Òwe kan wà tí a máa ń pa nítorí rẹ̀, pé ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ kò ní ọwọ́ tí yóò fi di nǹkan mìíràn mú. Torkel gbọ́ òwe náà. Ó ní ẹni tí kò ní ohun tí a lè pàtẹ́wọ́ fún ló pa á.

Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ ni ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti kan pákó ilé-ooru náà mọ́ ara wọn, ti gbogbo ènìyàn ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ti àwọn arúgbó ní pàtàkì. Màmá Gunvor Hedlöf, opó tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tó dógùn-ún, kì í pa á jẹ. Ooru ọjọ́ Ẹtì ni ó fi ń rìn títí ọjọ́ Ẹtì mìíràn yóò fi dé. Nígbà tí òtútù ọdún yìí wọlé, Torkel kéde pé òun yóò gba ìrọ̀lẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀, kí òun lè máa fi ṣe àlejò àwọn ènìyàn pàtàkì. Màmá Gunvor gbé ìgò omi gbígbóná lé orúnkún, ó jókòó sílé.

Kí ló dé tí a kò fi sọ̀rọ̀? Àwa ará Åkersvik, kàkà kí a sọ fún ènìyàn lójú pé ó ṣẹ̀ wá, a óò bá a sọ̀rọ̀ yìnyín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Torkel mọ èyí. Orí ìwà pẹ̀lẹ́ wa ni ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Ó wá ku kí ó sọ ìgbà díẹ̀ di títí láé. Ó pe ìpàdé ọdọọdún sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ó sì ké sí Ìyáàfin Rigmor Stålhane, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ẹni tí ó ń pín àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ ìlú tí ó ṣe gudugudu méje. Ó fẹ́ kí obìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí bí a ti fẹ́ràn òun tó. Ó dá iná sí ilé-ooru láti òwúrọ̀ nítorí rẹ̀. Ó sì ti lọ gba ẹ̀kọ́ kan ní ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ pé àwọn èrò ìpàdé dà bí bọ́tà inú òtútù: bí a kò bá kọ́kọ́ fi eré yọ́ wọn díẹ̀, wọn kò ní ṣe é fi pa búrẹ́dì.

Eré àkọ́kọ́ ni ìrìn-ìbéèrè, èyí tí kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n. A ó so ìbéèrè mọ́ ara igi nínú igbó, ẹni tí ń rìn kọjá yóò sì mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta. Ìbéèrè ẹyẹ ni a mọ̀, àti ti odò, àti ti àwọn ọba àtijọ́. Lára igi kìíní Torkel, a bi wá pé báwo ni ẹja tí Alága pa lọ́dún tó kọjá ti gùn tó. Lára igi kejì, èwo nínú àwọn fìlà Alága ni ó bá orí rẹ̀ mu jù? Lára igi tí ó kẹ́yìn, ta ni ẹni tí, bí kò bá sí, ilé-ooru wa ì bá ti wó: Torkel, Alága, tàbí àwọn méjèèjì?

Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹja náà títí etí fi kún. Ṣùgbọ́n Torkel ti ṣe àṣìṣe kan: ó ti fi ẹ̀bùn hàn wá kí a tó gbéra. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ ni, ó tóbi bí ìlẹ̀kùn àpótí aṣọ, ó gbá ẹja mọ́ àyà. Sixten tí ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí lẹ́bàá igi kejì.

"Ìyàwó mi ní bí mo bá gbé nǹkan yẹn wọlé, òun á gbé ẹrù òun jáde."

Bí a ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìdáhùn òdì nìyẹn. Nígbà tí Torkel ṣírò rẹ̀, kò sí ẹnì kan tí ó gba ẹyọ kan. Inú wa ti ń dùn díẹ̀, ó sì rọrùn láti rò pé ojú yóò tì í. Torkel mi orí, ó yíjú sí Ìyáàfin Stålhane.

"Ẹ ò rí i? Mo jinlẹ̀. Wọn ò tíì mọ̀ mí tán."

Ó sì gbé àwòrán náà kọ́ sí ara ògiri gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀.

A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé, a jókòó ti kọfí. Torkel gbé ìgbakọ onígi tí a fi ń da omi sórí òkúta ilé-ooru jáde. Ó ní ẹni tí ìgbakọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ olúwarẹ̀, alága tàbí ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbakọ yóò lọ yípo kí olúkúlùkù lè sọ ẹni tí òun jẹ́. Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Kọfí tutù, ọ̀rọ̀ kò tutù. Ìgbakọ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Níkẹyìn ni ó kéde eré igun mẹ́rin. "A ò ní na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé," ó wí. "Ẹsẹ̀ la ó fi dìbò. Igun tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìpinnu ẹgbẹ́ wà, kò sí àtúnṣe."

Ìbéèrè náà ni ohun tí a ó ṣe sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Igun kìíní ni ti àwọn tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ fún Alága. Igun kejì, kí a fi í sílẹ̀ fún Alága, kí a sì dúpẹ́. Igun kẹta, kí a fi í sílẹ̀, kí a dúpẹ́, kí a sì fi orúkọ Alága sọ ilé-ooru. Níbẹ̀ ni kéèkì wà, kéèkì aláwọ̀ ewé, tí a fi ṣúgà funfun kọ TORKEL sí lórí gàdàgbà. Igun kẹrin, bí àṣà eré náà, jẹ́ ti ẹni tí ó ní èrò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Lẹ́nu ọ̀nà ni Torkel fi igun yìí sí, níbi tí bàtà wa wà, tí omi yìnyín ń ro láti ara wọn, tí ilẹ̀ ti di àbàtà. Ó ti rò ó dáadáa. Ta ni yóò fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tẹ omi yìnyín nítorí èrò?

"Kí ẹ tó rìn," ó wí, "ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ronú kan eré yìí."

Ó gbé ìgbakọ kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Sixten na ọwọ́, ó mú ìgbakọ, ó fi í lé Màmá Gunvor lọ́wọ́. Màmá wò ó. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, a gbọ́ ọ kọjá ariwo àtẹ́wọ́. Ó rìn kọjá igun kìíní àti ìkejì, ó rìn kọjá kéèkì, ó tẹ ẹsẹ̀ bọ inú omi láàárín àwọn bàtà. Sixten tẹ̀lé e. Èmi náà dìde. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi fún mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ìbọ̀sẹ̀ olúkúlùkù rin.

Torkel la ojú.

"Ẹ ò gbọ́ mi yé," ó wí. "Igun kẹta ni kéèkì wà. Bàtà ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Alága," ni Sixten fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, "ìgbakọ dà?"

Torkel wo orí tábìlì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n ṣì pàdé ara wọn bí ti ẹni tí ń pàtẹ́wọ́.

"Ìdí mi ò pọ̀," ni Màmá Gunvor wí. "Orúnkún mi ò mọ ènìyàn pàtàkì, ooru nìkan ló mọ̀. Láti inú fèrèsé mi ni mo ti ń wo èéfín ilé-ooru ní gbogbo òtútù yìí, tí mò ń sọ pé, Gunvor, ní sùúrù, bóyá ẹni ńlá kan ló wà níbẹ̀. Torkel, ìbéèrè kan péré ni tèmi. Ta ló wà níbẹ̀?"

Nítorí pé ọmọlúàbí ni, ó na ìgbakọ sí i kí ó lè fèsì.

Torkel dì í mú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Àna mi ni," ó wí níkẹyìn.

"Èyí tó ń ta bàtà?"

"Ó ṣe pàtàkì sí mi."

Ẹnì kan húkọ́ láti fi bo ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Màmá gba ìgbakọ padà. Ìgbakọ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, olúkúlùkù sì sọ ìdí tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin Alága, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni: "Ti Màmá Gunvor ni tèmi." Àwa tí a kò lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, eré Torkel ló là wá lẹ́nu.

Ìyáàfin Stålhane ni ó gbà á kẹ́yìn. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, òun kò sì ní ẹsẹ̀ láti fi dìbò. "Àmọ́ Alága sọ fún mi pé tèmi ni iná tó ń jó lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ tèmi, ó yẹ kí n lè pe ẹni tó wù mí. Màmá, ṣé ẹ̀ ń lọ?"

Bàtà kò jìnnà sí wa. A wọ̀ ọ́, a jáde, ìgbakọ sì bá wa lọ, nítorí ilé-ooru kò lè ṣe láìsí i. Torkel ṣẹ́kù pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ àti igun mẹ́ta gbígbẹ.

A ti ń làágùn lórí àga pákó nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Torkel ni, ó ró aṣọ ìnura, ó gbé kéèkì dání, kò sí oyè kankan lára rẹ̀. Ó la ẹnu. Sixten nawọ́ sí ìgbakọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Torkel pa ẹnu dé. Ó gbé ojú sókè sí àga òkè, níbi tí ooru ti dùn jù, tí òun nìkan ti ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù. Màmá Gunvor ló wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

"Jókòó," ni Màmá wí. "Ìsàlẹ̀ ṣì gba ènìyàn."

Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọdé tí ó bá òbí wọn wá, ó gbé kéèkì lé itan. Màmá bu omi, ó dà á sórí òkúta, ìkùukùu ooru sì gba ilé kan. Ṣúgà orí kéèkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. T lọ, O tẹ̀lé e, àwọn yòókù ṣàn papọ̀ lọ sí etí àwo. A jẹ kéèkì náà. Ó dùn. Ọmọ kékeré kan béèrè ẹni tí ó ni í, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn, nítorí ìgbakọ wà lọ́wọ́ Màmá, Màmá sì ti sùn lọ.