Ìyá Ìjọ àti Géèmù Ẹlẹ́mìí Mẹ́ta

Ọjọ́rú kan wà tí mo mọ̀ pé kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi hu ewú. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń dá jẹun, oúnjẹ a máa há mi lọ́fun, torí pé ẹ̀rín àti ìtìjú a jọ máa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀pẹ̀bí, mo ní mo fẹ́ dá dúró. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni àwọn géèmù àtijọ́, àwọn tí a máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì wọn bọ ẹ̀rọ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí kò bá ti ṣí, a ó yọ ọ́, a ó fẹ́ ẹnu sí i nídìí, a ó tún kì í bọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ tán. Àmọ́ ènìyàn lè kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Èmulétọ̀ ni àwa tí a ń kọ ọ́ ń pè é. Ó pọ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó ríbi bẹ̀rẹ̀, á ti dáhùn ìbéèrè tó ju ti ìdánwò lọ. Èmi ní tèmi máa yàtọ̀. Bọ́tìnnì kan péré, géèmù á ṣí, á sì máa fi Yorùbá bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí ìyá àgbà tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á fi lè gbá a.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ ọ́. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn tèmi ni. Inú balùwẹ̀ ni mo ti gbà á sílẹ̀ kó lè máa dún, mo wá fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi nípọn bí ohùn bàbá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Mo rò pé ìyẹn ló máa fún un níyì. Ẹ ò rí i bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó kù ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni olórí àwọn obìnrin ní ìjọ Aládùúrà kan ní Oko Ọba, Ìyá Ìjọ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ṣí sí, kí tọmọdé tàgbà máa wá gbá géèmù, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ta pọ̀nmọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ìyá Ìjọ sọ fún mi pé, "Tẹ́tẹ́ ni mo ka gbogbo nǹkan yẹn sí o. Àmọ́ gbé e wá lỌ́jọ́rú, lẹ́yìn ìsìn àwọn obìnrin. Tí èmi tí mi ò mọ kọ̀ǹpútà yìí bá lè lò ó, tí ara mi sì gbà á, màá fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, onípọ̀nmọ́ ló ni ín."

Ìyá mi náà fi tiwọn lé e: bí mi ò bá rí ṣọ́ọ̀bù yẹn gbà, kí n padà lọ bẹ ọ̀gá mi ní Ọ̀pẹ̀bí. Ọ̀gá tí mo dágbére fún tẹ̀ríntẹ̀rín, tí mo tún bọ̀ lọ́wọ́ bí ọlọ́lá!

Nítorí ojúure, mo ṣe àṣejù. Nígbà tó ku ọ̀la, mo padà sí balùwẹ̀, mo fi orúkọ Ìyá Ìjọ síwájú gbogbo ohun tí géèmù náà máa sọ, kí inú wọn lè dùn pé ẹ̀rọ mọ àwọn. Gbogbo ohun tó máa sọ pátá ni o. Mi ò jókòó gbọ́ wọn tán.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀ nínú sùtánà funfun, wọ́n fẹ́ wòran. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù fún Ìyá Ìjọ. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, géèmù ṣí, ló bá ku etí wọn tó ti ń wúwo.

"Kí ló ń wí? Mi ò gbọ́. So ó mọ́ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì jàre."

Ara mi bù máṣọ. Mo mú wáyà, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wàásù, mo tún géèmù bẹ̀rẹ̀. Mi ò rántí pé ẹ̀rọ yẹn náà ló ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ńláńlá tó wà lórí òrùlé, tí ọ̀kan nínú wọn kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ládùúgbò.

"Ìyá Ìjọ, ẹ káàbọ̀ o," ni ohùn inú kànga wí.

Ìyá Ìjọ tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń retí èsì, bí ó ti yẹ kí ọmọlúàbí ṣe. Géèmù ò mọ ìyẹn, ó ti ń lọ ní tirẹ̀. Ọkùnrin kékeré inú rẹ̀, tó yẹ kó máa fò kó sì máa ká máńgòrò, dúró síbẹ̀ gbọin títí òkúta kan fi yí wá, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyá Ìjọ, ẹ ti kú! Ẹ̀mí méjì ló kù fún yín."

Ìyá Ìjọ fò dìde.

"Màmá," ni mo bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe ẹ̀yin, ọkùnrin kékeré yẹn ni..."

"Orúkọ mi ló pè! Mo kọ̀ ọ́! Lágbára Olúwa, mo kọ̀ ọ́!"

Wọ́n sọ páàdì mọ́lẹ̀, wọ́n gbá agogo mú. Àwọn obìnrin yòókù fò dìde, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n ń ṣe "Àmín." Bọ́tìnnì páàdì ti há níbi tó já sí, ọkùnrin kékeré bá sáré tete wọ inú ihò lọ.

"Ìyá Ìjọ, ẹ ti kú! Ẹ̀mí kan ṣoṣo ló kù fún yín."

Mo sáré tẹ bọ́tìnnì tó ń dá géèmù dúró. Mo ti gbàgbé pé èmi náà ni mo ṣe é, kí nǹkan lè rọrùn, pé bí ènìyàn bá dá a dúró, kó rán onítọ̀hún létí ibi tó bá a dé. "Ìyá Ìjọ, ẹ ti kú lẹ́ẹ̀mejì." Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń padà bọ̀ láti ìta, láti ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran lọ́hùn-ún.

Mo fa wáyà yọ, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mùrí, alápatà tó ti ń ta ẹran fún Ìyá Ìjọ tipẹ́, ló kọ́kọ́ já wọlé. Ó ń sunkún, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà rọ́bà tó fi ń ṣiṣẹ́ gùn dé orúnkún rẹ̀.

"Ìnnà lílláhì! Ìyá rere! Àárọ̀ yìí náà la ṣì jọ ń ná owó ẹ̀dọ̀ o!"

Ohùn kan ta jáde láàárín àwọn obìnrin. "Bàtà! Ta ló gbé bàtà wọ ilé Olúwa?"

Mùrí yíjú, ó rí òkú nínú aṣọ funfun tó ń gbé agogo bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kígbe, ó sọ ọ̀bẹ nù, ó sá. Ẹnu ọ̀nà ló ti kọlu ìyá mi tí wọ́n ń bọ̀ láìsí gèlè lórí, tí wọ́n ń ké "Ẹ̀gbọ́n mi o!" Èrò ti kún ìta lẹ́yìn wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí mo ti ń ṣàlàyé ni ọkàn mi ti dé Ọ̀pẹ̀bí, mo ń ro ohun tí n ó kọ sínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ti wọgbó. Ẹ̀rù tún ń bà mí lóòótọ́, torí ìyá mi ń wá bàtà tí wọ́n máa sọ lù mí, bàtà sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà.

Ìyá Ìjọ jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n wo gbogbo àwọn tó ti sunkún nítorí wọn, ẹnu wọn fẹ́ ya sí ẹ̀rín. Wọ́n wá gbé páàdì nílẹ̀.

"O ní ẹ̀mí mi ku ẹyọ kan?"

"Ti ọkùnrin yẹn ni, Màmá."

"Ẹ̀mí ẹni tí wọ́n bá ti fi lé mi lọ́wọ́, mi ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Tan án. Èwo ni mo fi ń fò?"

Wọ́n gbá géèmù ọjọ́ yẹn bí ẹni gbààwẹ̀. Àwọn obìnrin ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Mùrí ti bọ́ bàtà, ó ti padà wọlé, ó dúró lẹ́yìn àga wọn, ó ń pariwo, "Òkúta ń bọ̀, Ìyá! Ẹ fò! Alihamdulilahi! Ẹ tún fò!" Nígbà tí ọkùnrin kékeré ká máńgòrò tó kẹ́yìn, tó wọ ẹnu ọ̀nà lọ, ariwo tó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ju ti ìsìn ọdún ìkórè lọ. Ìyá mi, tí ojú wọn ṣì wú, dì mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń fò sókè.

"Ṣọ́ọ̀bù di tìẹ," ni Ìyá Ìjọ wí fún mi. "Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kú nínú rẹ̀."

Mo ti rò pé kí nǹkan rọrùn fún ènìyàn ò ju kí bọ́tìnnì rẹ̀ dín kù lọ. Mi ò ronú kan ẹni tó máa jókòó síwájú rẹ̀ rárá, àti ohun tí etí rẹ̀ ò ní lè gbà. Ní báyìí, kí n tó fi ọ̀rọ̀ kan sínú ètò, mo kọ́kọ́ ń kà á sókè fún ìyá mi. Tí wọ́n bá ti ṣe "Háà," mo pa á rẹ́.

Mo bẹ Ìyá Ìjọ pé kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tí géèmù á máa wí bí ènìyàn bá ṣubú. Àdúrà odindi ni wọ́n gbà sílẹ̀, mo gé e títí ó fi ku ìwọ̀nba: "Dìde, ọmọ mi. O ò tíì ṣe tán." Àwọn ọmọ ń ti Agége àti Ìkẹjà wá, wọ́n á ní, "Ṣé ibí ni géèmù Ìyá Ìjọ?" Àwọn kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ já sí ihò kí wọ́n lè gbọ́ ohùn wọn. Èmi tí mo kọ ètò, tí mo sọ balùwẹ̀ di ilé rédíò, kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi. Kí ni n ó wí? Mo rọra rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ibí ni, ẹ wọlé."