Ìbòjú Oníbátìrì Tí Kò Kí Àna

Ẹjọ́ kan dé ààfin ọba Yorùbá ní Sókótó lánàá, ẹjọ́ tó fẹ́ tú ìgbéyàwó ká nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Fámúyìwá, káfíńtà àdúgbò Kofar Marke, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹni tó pè é ni ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Tẹjú. Fámúyìwá sì fẹ́ràn Tẹjú dénú.

"Kábíyèsí," Ìyá Tẹjú ló bẹ̀rẹ̀, "mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Kofar Doya nínú oòrùn, mo gbé ọbẹ̀ ẹja lọ fún un. Mo ní, 'O kú iṣẹ́.' Ẹ̀ẹ̀mẹta! Kò dáhùn. Kàkà kó dọ̀bálẹ̀, ó ń mi orí sí mi, nǹkan bò ó lójú, ó ń kùn yùn-ùn."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Fámúyìwá wí. "Ìbòjú oníbátìrì ni. Fáànù inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n fa eruku pákó símú. Mo dá yín lóhùn nínú ẹ̀! Mo tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi."

"Nínú ọkàn?" Olóyè Akíndúró bú sẹ́rìn-ín. "Àyà ẹ̀wù wo ló kanlẹ̀ níbẹ̀?"

"Bátìrì ẹ̀ ń pẹ́?" ni Kábíyèsí béèrè.

Fámúyìwá gbàgbé pé òun ń jẹ́jọ́, ó yangàn. "Wákàtí mẹ́jọ gbáko, Kábíyèsí! Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Sókótó!"

Wọ́n pe Ikrimah, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Wallahi, Kábíyèsí, pákó là ń rẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́."

"Haba!" Sìmbíátù, onídìrí tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, fò dìde. "Ẹ̀rọ wo? Iná ò sí látàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ìwọ gan-an ń sùn lórí pákó."

"Mi ò sùn. Mo kàn dijú ni."

"Fámúyìwá ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi Sìmbíátù.

"Ooru ló mú un, Kábíyèsí. Atẹ́gùn inú ìbòjú yẹn ló ń gbà tí oorun fi gbé e lọ. Orí tí Màmá rí tó ń mì, òògbé ni!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ààfin. Ojú ti Fámúyìwá, ó ń wolẹ̀.

Kábíyèsí gba ìbòjú náà, ó dé e mọ́rí. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú. Àwọn olóyè kí i títí, kò dáhùn; Akíndúró ló bá a ṣí i.

"Mo gba ẹ̀rí Sìmbíátù," ni Kábíyèsí wí, ó ń nu ojú oorun. "Ìgbéyàwó ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdána, Fámúyìwá á dé nǹkan yìí, á dọ̀bálẹ̀ fún àna ẹ̀, á dìde, á tún dọ̀bálẹ̀, títí bátìrì á fi kú."

"Yéè! Kábíyèsí, irọ́ ni mo pa! Kò tó wákàtí kan mọ́!"

Ìyá Tẹjú ti yọ bátìrì, ó ti tì í sínú báàgì.

"Fọkàn balẹ̀, ọkọ ọmọ mi," ó ní tẹ̀ríntẹ̀rín. "Jẹnẹrétọ̀ wà nílé wa. Màá bá ẹ ṣáájì ẹ̀ kó kún dáadáa."