Ta Ló Ni Ìjánu Àga Ìyá Aránṣọ?

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ìjókòó ló jókòó wọlé. Ìyá Aránṣọ ló gbé e wá, lórí àga onítáyà tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Ọkọ rẹ̀, Baba Awakọ̀, ló pè lẹ́jọ́. Ọkọ yìí kan náà ló sì ń tì í bọ̀ láti ilé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ààfin, n kò rí i rí kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ máa ti olùpẹ̀jọ́ wá bá ara rẹ̀ rojọ́.

"Ìyá Aránṣọ, kí ló dé?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi gba ìjánu mi lọ́wọ́ ọkọ mi."

Ìyálóde, tó jókòó lápá ọ̀tún Kábíyèsí, ní, "Ìjánu ẹnu ni àbí ti ẹṣin?"

"Ti àga yìí ni, ìyá mi. Ọ̀pá kékeré méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi níbí. Kí n tó dìde bọ́ sórí àga míì, màá fà wọ́n, táyà á dúró gbọn-in. Nọ́ọ̀sì ló wọ̀n ọ́n mọ́ mi lára. Ó ní kí n nawọ́, mo nawọ́. Ó gbé ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé sókè kí itan mi lè tẹ́jú. Ó ní tí mo bá fẹ́ dìde, kí n kọ́kọ́ ká a kúrò, kí n má dúró lé e láé, torí ó máa dà mí dojú bolẹ̀ ni. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jí, mo nawọ́ sí ìjánu, òfìfo ni mo bá."

"Ibo ló lọ?"

"Ó wà lẹ́yìn mi, Kábíyèsí. Baba ti gbé e lọ sábẹ́ ibi tí wọ́n ń dì mú. Bí mo bá fẹ́ dúró báyìí, àfi kí n bẹ̀ wọ́n."

"Baba Awakọ̀, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Ogójì ọdún ni mo fi wa lọ́rì. Níbo lẹ ti rí i kí bíréèkì wà lọ́wọ́ èrò?"

Mo dá gègé dúró. Mo rò pé etí mi ló gbọ́ òdì.

"Ta ni èrò?" Ìyálóde ní.

"Ẹni tó jókòó ni. Èmi tí mò ń tì í ni dírẹ́bà. Èrò tó bá ń fa bíréèkì bó ṣe wù ú, jàǹbá ló ń fà."

"Jàǹbá," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ó dáa. Kábíyèsí, ẹ bi wọ́n ní ti jàǹbá."

"Ẹ má bi mí," ni Baba Awakọ̀ sọ kíá.

"Mo ti bi ọ́," Kábíyèsí ní.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Kábíyèsí. Lọ́jọ́bọ̀, a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè ilé oníbúrẹ́dì. Mo rí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wa lọ́rì nígbà kan. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"Ọwọ́ mélòó lo fi bọ̀ ọ́?" Ìyálóde bi í.

"Ọwọ́ méjèèjì. Ó jù mí lọ."

"Ta ló wá di àga mú?"

"Bíréèkì ni."

"Ṣé o fà á?"

Baba Awakọ̀ gbójú sókè wo òrùlé. "Ó wà lọ́kàn mi láti fà á."

"Kí wá ló ṣẹlẹ̀?"

"Èrò mi ló sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé ibùdókọ̀."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nà án sí wọn. Awọ ti bó ní gbogbo ibi tó ti fi gbá irin ẹ̀gbẹ́ táyà mú kí àga lè dúró.

"Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyí," ó ní. "Láti ọjọ́ náà n kò tíì lè di abẹ́rẹ́ mú."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn ìjòyè. Wọ́n pe oníbúrẹ́dì kó wá jẹ́rìí.

"Kábíyèsí, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ìyá wọlé. Mo tiẹ̀ rò pé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ rà."

Onítáyà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti oníbúrẹ́dì, fò dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. "Irọ́ ni, Kábíyèsí. Eré tí àga yẹn sá, atẹ́gùn ẹ̀ fẹ́ fìlà kúrò lórí mi."

"Bó bá jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni," Ìyálóde bi oníbúrẹ́dì, "kí lo gun orí tábìlì lọ ṣe?"

Ta ló sọ fún Ìyálóde pé ó gun tábìlì, n kò mọ̀. Oníbúrẹ́dì náà kò mọ̀, ojú rẹ̀ fi hàn.

"Gílóòbù iná ni mo fẹ́ pààrọ̀, ìyá."

"Lọ́sàn-án gangan?"

Oníbúrẹ́dì kó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. "Kábíyèsí, Baba Awakọ̀ ló ní kí n ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yá díẹ̀. Ó yá gan-an ni. Àpò ìyẹ̀fun ló gbà á. Bí kò bá sí àpò yẹn, inú ààrò ni ìyá ì bá wọ̀, iná sì wà níbẹ̀."

Kábíyèsí dìde, ó lọ wo ẹ̀yìn àga. Ó mi ìjánu wò. "Ẹni tó so nǹkan yìí ò mọ iṣẹ́ rárá," ó ní. "Wáyà ẹyọ kan ló fi wé e."

"Ẹyọ kan kẹ̀, Kábíyèsí," Onítáyà ní. "Ìlọ́po mẹ́ta ni mo wé e, mo tún fi sípánà fún un."

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó rọra jókòó. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó wọlé, ó ti búra fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun ò fọwọ́ kan àga náà rí.

"Táyà wẹ́wẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè. "Nọ́ọ̀sì ní àwọn ni kì í jẹ́ kí àga dà sẹ́yìn."

"Mo yọ wọ́n," Baba Awakọ̀ ní. "Táyà tí kì í kanlẹ̀, kí ni iṣẹ́ ẹ̀? Wọ́n wà lábẹ́ tábìlì tẹlifíṣọ̀n báyìí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi."

"Ẹ̀yin lẹ tún ní kí Onítáyà dín atẹ́gùn táyà ńlá kù."

"Kó lè rọ̀ ọ́ lára ni."

Onítáyà sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. "Tí táyà bá ti rọ̀, ìjánu ò ní lè dì í mú. Mo sọ fún wọn."

"Ìgbà tí o tú atẹ́gùn tán lo tó sọ ọ́," Baba Awakọ̀ dá a lóhùn.

"Nọ́ọ̀sì ní bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ga," Ìyá Aránṣọ ní, "kí ẹni tó ń tì mí yí mi padà, kó máa fi ẹ̀yìn sọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n kọ̀."

"Ogójì ọdún, Kábíyèsí. N kò fi rìfáàsì sọ òkè rí."

Kábíyèsí ní kí wọ́n gbé àga mìíràn fún Ìyá Aránṣọ. Ìyálóde bá a fa ìjánu lẹ́yìn, Ìyá Aránṣọ ká ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kúrò, ó bọ́ sórí àga kejì fúnra rẹ̀. Kábíyèsí ní kí Baba Awakọ̀ jókòó sórí àga onítáyà. Kábíyèsí tú ìjánu náà, ó ní, "Ẹ kó tìmùtìmù sẹ́yìn ẹ̀."

"Tìmùtìmù ti kí ni, Kábíyèsí?"

"Ti orí ẹ ni. Ó yá, fa bíréèkì."

Baba Awakọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, kò tó o. Ó na ti òsì, kò tó o. Ó wá na gbogbo ara. Táyà iwájú gbéra nílẹ̀, àga dà sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ nìkan la rí mọ́.

"Kábíyèsí," ó ń sọ̀rọ̀ láàárín tìmùtìmù, "ó ti dà."

"Kò dà," Kábíyèsí ní. "Èrò ló sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n gbé e dìde. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀ tí kò sí eruku lára ẹ̀.

"Kábíyèsí, dókítà ní ojú mi ò tó wa ọkọ̀ mọ́, ni wọ́n bá gba lọ́rì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí láàárọ̀. Nígbà tí àga yìí dé, mo ní Ọlọ́run ti bá mi wá iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó mi fi ń yí táyà fúnra ẹ̀, tó ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi jókòó sílé, mò ń wo ògiri. Bí ìjánu bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ojú tí kò lè wa lọ́rì," Ìyálóde ní, "òun lo wá fi ń wa ìyàwó ẹ."

Ìyá Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Mò ń sọ ọ́ báyìí."

"Mi ò sá fún yín, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ. Àmọ́ tí n kò bá lè dúró níbi tó wù mí, n kò lè lọ síbi kankan nìyẹn. Ẹrù ni mo dà."

Inú mi bà jẹ́, ẹ má jẹ́ n parọ́. Kábíyèsí kọjú sí ọkọ.

"Baba Awakọ̀, ní ogójì ọdún yẹn, ṣé lọ́rì ẹ kú sójú ọ̀nà rí?"

"Àìmọye ìgbà, Kábíyèsí."

"Kí lo máa ń ṣe?"

"Màá ní kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n bá mi tì í."

"Nígbà tí wọ́n ń tì í, ta ló wà nídìí bíréèkì?"

Baba Awakọ̀ wo àga onítáyà.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ṣé o kì í gbé e fún àwọn tó ń tì í?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wọ́n á pa gbogbo wa."

"Ó parí," Kábíyèsí ní. "Ẹni tó ń ti ọkọ̀, èrò ni. Ẹni tó jókòó sídìí ìjánu ni dírẹ́bà. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Láti òní lọ, Ìyá Aránṣọ ni dírẹ́bà, ìwọ ni èrò. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ láìjẹ́ pé dírẹ́bà ní kí o wá tì í. Bó bá ní kí o fi ẹ̀yìn sọ̀, fi ẹ̀yìn sọ̀. Àràárọ̀ ni wàá wo táyà kó má rọ̀, kí nọ́ọ̀tì kankan má tú. Bí o bá rí ọ̀rẹ́, kọ́kọ́ béèrè bóyá dírẹ́bà ti fa ìjánu kí o tó na ọwọ́. Ìwọ Onítáyà, dá gbogbo ohun tí o yí padà sí ipò ẹ̀ lónìí. Tí o bá ṣe tán, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ jókòó lórí ẹ̀, kí a tì ọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Oníbúrẹ́dì, lọ gbé àpò ìyẹ̀fun kúrò lọ́nà."

Onítáyà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì dé, ó tò ó fún wákàtí kan gbáko, Onítáyà ń gbé sípánà fún un. Ìjánu padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, táyà wẹ́wẹ́ padà sẹ́yìn, atẹ́gùn kún. Ìyá Aránṣọ jókòó, ó nawọ́, ó fà á, ó dúró gbọn-in. Ó tú u, ó yí táyà lẹ́ẹ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ta á, ó tún fa ìjánu. Baba Awakọ̀ rí i. Kò sún mọ́ ibẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Èrò," Ìyá Aránṣọ pè.

Ó gbójú sókè.

"Ọwọ́ ń dùn mí, ẹ wá bá mi tì í dé ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ní ó tó, ó tó."

"Ṣé ẹ ti tú ìjánu, dírẹ́bà?"

Gbogbo wa la gbọ́ "ẹ" yẹn. N kò gbọ́ kó fi í pe ìyàwó rẹ̀ rí.

"Mo ti tú u."

Ó yí i padà, wọ́n fi ẹ̀yìn sọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ààfin, jẹ́jẹ́. Baba Awakọ̀ ń bojú wẹ̀yìn, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń gòkè bọ̀ pé kí wọ́n yà, dírẹ́bà òun ń lọ síbi iṣẹ́.