Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Fi Ọgbọ̀n Ọdún Dúró Dè

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi wọ ilẹ̀: ọjọ́ tí Bánkọlé wá dọ̀bálẹ̀ fún mi lágbàlá ilé mi ní Pọbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń polongo ìbò àwọn tí yóò jókòó ní ilé mẹ́ẹ̀rì, ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ará ìlú ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà kiri débi pé wọ́n ń pè mí ní ẹni mímọ́. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n tó kú kí wọ́n má baà fi orúkọ yẹn sin mí.

Olùkọ́ ni mí. Ìjọba ti ní kí n lọ sinmi láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń sinmi iṣẹ́ yẹn? Títí dòní, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ sára ògiri, ọwọ́ mi á máa wá ẹfun. Sakété ni mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Bánkọlé wá bá mi, ọmọ Ìsàba tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán, pé kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú ọmọ. Mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí dírẹ́kítọ̀ wa fẹ̀yìn tì, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé èmi ló kàn. Bánkọlé ní òun ń lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn ọ̀gá àgbà wa wà, lọ tọ́jú ehín. Nígbà tó fi máa padà dé, òun ni dírẹ́kítọ̀. N kò mọ irú ehín tí wọ́n fi ń di ọ̀gá.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gba ipò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, mo ń retí kó dọ̀bálẹ̀, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ kíkorò kan tí mo ti tò sílẹ̀ fún un. Ó dé, ó dúró ṣánṣán bí igi ọ̀pẹ, ó na ọwọ́ sí mi.

“Bọ̀njúù, Màdáàmù.”

Ọwọ́! Ọmọ tí mo ń fún ní ẹ̀kọ gbígbóná jẹ nígbà tí owó oṣù rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé! N kò gba ọwọ́ náà. Mo wọ kíláàsì, mo fi ìṣirò na àwọn ọmọ ọlọ́mọ títí di ọ̀sán.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe ń wo ìkíni àwọn tó ń wá ipò. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni. Ní àdúgbò wa, àwa ìyá àgbà mélòó kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ ká dìbò fún òun gbọ́dọ̀ wá kí nílé. Òfin ìjọba ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìjọba kọ́ ló ń tẹ̀ka. À ń wò ó bóyá ó ń gbé láàárín wa ni tàbí Kùtọnú ló ń sùn. À ń wò ó bóyá a mọ aya rẹ̀, bóyá ó ní oko, bóyá koríko ò sì bo oko náà. Ṣé ó lè jókòó kí àgbà máa sọ̀rọ̀ kó má yọ tẹlifóònù? Àwọn ọ̀dọ́ ní ètò tí wọ́n kọ sínú ìwé ló yẹ ká wò. Mo ka gbogbo rẹ̀: ọ̀nà, omi, iná. Ara wọn ni wọ́n ń wò kọ. Mo ti fún irú rẹ̀ ní òdo rí. Ẹnu lè sọ ohunkóhun, ìwé náà lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ fún àgbà lónìí, bí ẹ bá gbé e gorí àga lọ́la, ta ni yóò tún gbọ́ tirẹ̀? Èrò mi nìyẹn, n kò sì tíì yí i padà, bó tilẹ̀ ti fi ojú mi rí màbo.

Ìyá Bẹ́nẹ̀, aládùúgbò mi tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ló sáré wọlé lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà.

“Màdáàmù, ọ̀rẹ́ yín ń bọ̀ o!”

“Ọ̀rẹ́ mi wo?”

“Bánkọlé ti Ìsàba. Ó ti kí àwọn ìyá yòókù tán. Ilé yín ló kù.”

“Ṣé ó ń dọ̀bálẹ̀?”

“Ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ń fi ìka kan ilẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìka! Ó dára, mo ní ẹ jẹ́ kó wá. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, eruku bo gbogbo nǹkan, mo bá gbé garawa, mo ní mo fẹ́ fi omi pa eruku àgbàlá. Garawa kan tó fún eruku. Mo da mẹ́ta, ojú kan náà ni mo sì da gbogbo rẹ̀ sí, níwájú àga mi. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí omi bá kàn án, á dúdú, á máa lẹ̀ bí àtè, á tún máa yọ̀ bí ilá. Mo ká ẹní kúrò nílẹ̀. Mo wé gèlè. Mo jókòó.

Ó dé pẹ̀lú èrò. Aṣọ funfun ló wọ̀, èyí tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi. Àwọn onísẹ́mijàn tó fi alùpùpù gbé àwọn èèyàn rẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ yà wá wòran pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn alátakò rẹ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Gbogbo Pọbẹ̀ ló mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, wọ́n fẹ́ wo bí yóò ṣe jẹ́.

Bánkọlé wò mí. Ó wo ẹrẹ̀. Ó tún wò mí. Irun rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bọ́ bàtà, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò tútù, ó sì na ara rẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ náà, àyà, ikùn, orúnkún, ẹ̀rẹ̀kẹ́, láìku ohun kankan.

Ariwo sọ. Ní tèmi, ara mi bù máṣọ. Nǹkan tí mo ti ń rí lójú àlá láti Sakété ló nà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi yìí, tòun ti aṣọ funfun. Gbogbo yín mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dìde àfi bí àgbà bá ní kó dìde. N kò ní kó dìde.

“Bánkọlé.”

“Ìyá.”

“Aya rẹ ńkọ́?”

“Ó ń kí yín, Ìyá.”

“Àwọn ọmọ?”

“Wọ́n wà, Ìyá.”

“Àwọn ará Ìsàba?”

“Wọ́n ní kí n kí yín gidigidi.”

“Àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí?”

“Ọ̀yà jẹ díẹ̀ níbẹ̀, Ìyá.”

“Àwọn ọ̀yà náà ńkọ́?”

“Àwa náà jẹ wọ́n, Ìyá.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bá a rẹ́rìn-ín. Mo béèrè nípa ewúrẹ́, nípa òrùlé, nípa ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ó ń dáhùn láti inú ẹrẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo wá gbé ohùn sókè:

“Ọwọ́ tí o nà sí mi ní Sakété lọ́jọ́sí ńkọ́?”

Ó gbé ojú sókè díẹ̀.

“Òun ló wà nínú ẹrẹ̀ yìí, Ìyá.”

Kí ni mo tún fẹ́? Mo ní, “Dìde.” Kò dìde. Mo rò pé kò gbọ́. “Mo ní kí o dìde!” Kò mira. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: “Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!” “Ó ní òun ò tíì kí wọn tán!” Mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ̀yìn mi há, Màdáàmù. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀.”

“Irọ́ ńlá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Àwọn tọ̀hún wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ní tòótọ́, ọ̀kan nínú àwọn alátakò ti ń pariwo: “Ṣé oorun ti gbé e lọ ni? Ẹni tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ṣé òun ló máa gbé Pọbẹ̀ dìde?”

Ó ti wá yé mi pé ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ kù sí. Bí mo bá kàn sọ pé ọkùnrin yìí ò lè dìde, ẹ̀rín á bẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dìbò fún ẹni tó ti fi rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo nàró, mo fa èémí sínú, mo yí ẹsẹ̀ padà láti kọjú sí èrò. Omi tí mo dà ló dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ṣọ̀ọ̀, orúnkún mi méjèèjì balẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Bánkọlé, gèlè mi sì lọ bá fìlà rẹ̀ níbi tó wà.

“Yéè!” Ìyá Bẹ́nẹ̀ ló kígbe. “Màdáàmù kúnlẹ̀! Màdáàmù ti dárí jì í! Ó ń gbàdúrà fún un!”

Kí n tó lè sọ pé ẹsẹ̀ mi ló yọ̀, òun náà ti kúnlẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn onísẹ́mijàn pa ẹ̀rọ alùpùpù wọn. Mo gbójú sókè láti inú ẹrẹ̀, mo sì rí ohun tí n kò rí rí láyé mi: gbogbo àgbàlá, títí dé ojú títì, orí títẹ̀ ni mo ń wò, onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà pọ̀. Àwọn alátakò ẹnu ọ̀nà náà ti ṣí fìlà. Pọbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò gbọ́ ohùn kankan, àfi ewé tí ọyẹ́ ń fẹ́. Omi lé sí mi lójú. Mo ti lo gbogbo ayé mi nídìí kí àwọn ọmọ ogójì dákẹ́, n kò rí irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ni àwa méjèèjì ti ń jà.

“Dìde, ìwọ ọkùnrin yìí.”

“Ẹ̀yin náà ẹ dìde, Màdáàmù.”

“Orúnkún mi ò gbà.”

“Ẹ̀yìn mi náà ò gbà. Láti kékeré ni. Mo jábọ́ láti orí ọ̀pẹ ní Ìsàba. Bí mo bá ti nà án sílẹ̀ báyìí, ó lè há.”

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ètè rẹ̀ ń kan ẹrẹ̀.

“Ọjọ́ yẹn ní Sakété, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀ tí n kò sì lè dìde lójú àwọn ọmọ ńkọ́? Ni mo bá na ọwọ́.”

“Kí ló dé tí o ò wí?”

“Dírẹ́kítọ̀ tuntun, kí n máa ké pé ẹ̀yìn ń dùn mí?”

“O sì mọ̀ pé ó lè há lónìí?”

“Mo mọ̀. Ní àwọn ilé yòókù, ìka ni mo fi kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ta ni ǹ bá tún dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Ipò mi tí o lọ gbà ní Àjàṣẹ́ ńkọ́?”

“Ìyẹn, mo gbà á, Màdáàmù. Mo fẹ́ ẹ ni.”

Ó kéré tán, kò purọ́ nínú ẹrẹ̀.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá iṣẹ́ olùkọ́ ni, pé ẹni tí mo kọ́ ò gbọ́dọ̀ di ẹlẹ́yà lójú èrò, àfi bó bá jẹ́ èmi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo gbé ohùn tí mo fi ń pe àwọn ọmọ ìdí kíláàsì sókè: “Ẹ gbọ́! Bánkọlé ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ ara òun kúrò níwájú àgbà. Ẹ gbé e!”

Ẹ ò gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Àwọn onísẹ́mijàn yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi, wọ́n gbé Bánkọlé lé e ní ìdojúbolẹ̀, wọ́n sì gbé e gba àárín ọjà kọjá bí ẹni gbé ọba. Ó ń fi ọwọ́ kan juwọ́ sí àwọn èèyàn láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n tún gbé èmi náà lé àga. Ìyá Bẹ́nẹ̀ ń fi aṣọ rẹ̀ nu ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń nu ère ìjọ Àgùdà.

Ó wọlé ìbò náà. Ẹni tí mo tẹ̀ka fún, àárín èmi àti àpótí ló wà. Ìyà tó jẹ mí kó tó dọjọ́ ìbò ló pọ̀. Gbogbo olùdíje tó kù gbọ́ ìròyìn, wọ́n ń wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ kí ẹnìkejì òun pẹ́ nílẹ̀ ju òun lọ. Mo ń sọ pé “Ẹ dìde, ẹ dìde!” wọn ò gbọ́. Ní ọjọ́ kan, mo ní láti fo ẹsẹ̀ olùdíje kọjá kí n tó lè lọ ra ọṣẹ.

Lẹ́yìn ìbò, Bánkọlé fúnra rẹ̀ bá wọn gbé ilẹ̀kùn tuntun wá fún mi. Kò sí èrò, kò sí ariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀, mo rí i pé ó ti fẹ́ máa tẹ ẹ̀yìn. Mo ní, “Má dán an wò.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́.

Mo gbà á. Mo sì fún un le, títí ojú rẹ̀ fi yí padà, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìkan ni mo dárí rẹ̀ jì í, n kò tíì dárí ti ipò dírẹ́kítọ̀ jì í.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju báyìí lọ: bí ẹnì kan bá dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ tètè ní kó dìde. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Omi náà ń tọ ẹni tó dà á, mo sì ní orúnkún méjì tó lè jẹ́rìí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, wọ́n á máa dùn mí, èmi nìkan á sì máa rẹ́rìn-ín níwájú ilẹ̀kùn ìdáná mi tuntun, bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí.